Géèjì Kékeré Tó Tú Àṣírí Mi

Ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rántí ohun tí mo sọ níbi ìṣọ́ òru kan ní ọdún 2015, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Mack mi jóná lórí òkè tí a ń gùn lẹ́yìn Ìwàràjà kí a tó dé Ìtáwúré. Sìmẹ́ǹtì ni mo kó láti Ewékorò lọ sí Adó-Èkìtì. Mo dúró níwájú ìjọ, mo ní mo mọ ọwọ́ tó ṣe é. Mi ò dárúkọ, ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí mọ̀ pé àbúrò bàbá mi obìnrin ni mò ń bá wí. Ó ti wá yá owó lọ́wọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mi ò sì fún un. A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Láti ìgbà náà ni kò ti wọ ilé mi mọ́.

Mẹkáníìkì tó tú ẹ́ńjìnnì náà fi písítìnì kan hàn mí. Orí rẹ̀ ti yọ́ bí àbẹ́là. Ó ní ooru èéfín ló ṣe é, pé géèjì tó ń wọn ooru náà wà níwájú mi nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó ti kú kí n tó ra ọkọ̀ náà. Mi ò dá a lóhùn. Ta ni í fi géèjì bá àjẹ́ jà?

Ní ọdún 2018, tí gbèsè ẹ́ńjìnnì kejì ṣì wà lọ́rùn mi, mo gbà kí ó fi tuntun sí i. Ládípọ̀ ni mo ti rà á. Wọ́n kọ́kọ́ tú tọ́bò sílẹ̀, nítorí bí èérún irin bá bọ́ sínú rẹ̀, yóò bà á jẹ́. Wọ́n wá lu ihò sára irin nípọn tó ń gba èéfín láti inú ẹ́ńjìnnì lọ sínú tọ́bò, wọ́n sì dè irin tín-ín-rín kan mọ́ ọn. Wáyà méjì tí irin wọn kò jọra ló wà nínú rẹ̀, a so orí wọn pọ̀. Bí iná bá ti kàn án, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú iná mànàmáná díẹ̀ jáde tí yóò ti abẹ́rẹ́ géèjì. Rìwáyà fẹ́ gé wáyà náà nítorí pé ó gùn jù. Mẹkáníìkì pariwo mọ́ ọn: “Má gé e! Bí o bá gé e, irọ́ ni yóò máa pa.” A ká a jọ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù.

Ó ní kí n má jẹ́ kí ó kọjá 1,200 lójú Fárẹ́náìtì. Ìyẹn súnmọ́ 650 Sẹ́ńtígíréèdì, álúmínọ́ọ̀mù sì ń yọ́ ní 660. Ọ̀dà èékánná pupa ti ìyàwó mi ni mo fi sàmì síbẹ̀.

Mo tún gba ọ̀nà Ìtáwúré. Ẹrù tírélà ni 600 àpò; 660 ni mo kó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Mo wà nínú gíà ńlá, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Géèjì omi kò mira rárá, bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ tuntun yìí ń gòkè: 900, 1,100, ó kan àmì pupa, ó kọjá. Ara mi bù máṣọ. Mo gbé ẹsẹ̀, mo bọ́ sí gíà kékeré, mo ń wọ́ lọ bí ìgbín, ó sì sọ̀kalẹ̀.

Òkè kan náà, ẹrù kan náà, ẹsẹ̀ kan náà ni ti ọdún 2015.

Mo páàkì lókè. A kì í pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kí òróró inú tọ́bò má baà jóná, nítorí náà mo jókòó títí abẹ́rẹ́ fi wálẹ̀ sí 300. Mi ò sọ pé èṣù kò sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ náà.

Nígbà tí mò ń padà, mo yà sí Iléṣà, mo dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò bàbá mi, mo sì rò gbogbo rẹ̀ fún un. Ó wò mí títí. Ó ní, “Mo ti gbọ́ tìrẹ. Àwọn tó gba ààwẹ̀ lé mi lórí ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún wọn?”

Mo sọ ọ́ nínú ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbi ìṣọ́ òru náà ti kó lọ sí ìlú mìíràn, mo sì mọ̀ pé ìwé ìròyìn yìí ń dé ọwọ́ wọn. Àwọn ni mo kọ ọ́ sí.