Ọlá Akẹ́kọ̀ọ́jáde àti Ojúṣe Àwọn Ọ̀rẹ́

Ní Ṣábẹ̀ Ọ̀pàrá, bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹnì kan joyè, òun nìkan kọ́ ni yóò wọ ààfin. Ẹbí á tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ á tẹ̀ lé e, àwọn ọ̀rẹ́ á sì ti dá owó oúnjẹ àti ti aṣọ ṣáájú ọjọ́ náà. Kò sí ẹni tí ń pe ìyẹn ní agbe. Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde yunifásítì kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, pé àwọn fẹ́ bu ọlá fún un, tí wọ́n sì ń retí pé yóò ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Á wo lẹ́tà, á wo owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, á sì máa rò ó láti kọ ọlá náà sílẹ̀ ju kí ó ké sí ọ̀rẹ́ lọ.

Ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò bójú mu. Títí di ọdún 1970, orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Dàhòmì nígbà náà kò ní yunifásítì kankan. Ẹni tí ó bá yege á lọ sí Dakar, níbi tí yunifásítì ti wà láti 1957, tàbí kí ó kọjá sí Faransé. Ṣáájú ìyẹn, ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Sẹ̀nẹ̀gàl ni ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Hubert Maga, ààrẹ àkọ́kọ́, ti kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Nígbà tí yunifásítì sì ṣí ní Abomey-Calavi, ọmọ Ṣábẹ̀ ṣì ní láti rin ìrìn tí ó lé ní 200 kìlómítà. Ta ló sanwó rẹ̀? Ìjọba san, láti inú owó orí àgbẹ̀. Ìyá tí ń ta gàrí wá owó ọkọ̀ ojú irin. Àbúrò tí kò rí ilé ẹ̀kọ́ lọ ló dúró lóko.

Paulin Hountondji gba oyè agrégation nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí ní Paris ní 1966. Ó kọ́ni ní Besançon, ó kọ́ni ní Kinshasa àti Lubumbashi, ṣùgbọ́n ní 1972 ó padà wá kọ́ni nílé, ilé náà ló sì fi ṣe ibùdó títí ó fi kú ní 2024. Ara rẹ̀ ló fi san gbèsè. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́; èèyàn ló kù tí ó ní. (Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba kò sì kó nǹkan mìíràn jọ.)

Nítorí náà, kí ó kọ̀wé sí wọn láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: iye tí ó ń wá, ohun tí a óò fi rà, ẹni tí yóò tọ́jú owó, ọjọ́ tí wọn yóò rí ìṣirò. Kí ó kọ iye tí òun fúnra rẹ̀ fi sílẹ̀ sí òkè. Ọ̀rẹ́ tí kò lówó lè mú ìwé wá. Káfíńtà lè kan àga. Kí gbogbo rẹ̀ sì parí ṣáájú ayẹyẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà máa ké iye owó lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

Ohun kan ni ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde lè má fẹ́ gbọ́: kì í ṣe gbogbo owó náà ni ó yẹ kí ó lọ sí Abomey-Calavi. Kí ìdajì lọ síbẹ̀. Kí ìdajì wá sí Ṣábẹ̀, fún ìwé àti àga àwọn ọmọ girama tí wọn kò tíì dé yunifásítì.