Láti Ìpín Ọkọ̀ Dé Owó Ilé

Ní Abereke létíkun láyé àtijọ́, ọkọ̀ la fi ń mọ̀ pé ọ̀dọ́mọkùnrin ti dẹni. Á kọ́kọ́ máa bá ọlọ́kọ̀ lọ sókun. Tí wọ́n bá ta ẹja tán, àwọn tó lọ gba ìpín, aláwọ̀n gba tirẹ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ náà sì ní ìpín. Ìpín ọkọ̀ yẹn dùn: ẹni tó ni ọkọ̀ lè jókòó sílé kí owó máa wọlé. Òun ni ọ̀dọ́ náà ń fi èsúsù lé, títí yóò fi ra tirẹ̀.

Ilé kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń pawó. Òpó ẹ̀gbà nínú ẹrẹ̀, pákó lára, imọ̀ lórí; ẹbí ló jọ kọ́ ọ. Àlejò dé, wọ́n tẹ́ ẹní fún un. Ní Ayétòrò, létíkun kan náà, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, wọ́n jọ ni gbogbo nǹkan ni. Kò sí lánlọ́ọ̀dù, kò sí ayálégbé. Àárò ìgbà yẹn ń sọ mí gan-an.

Òkun kò jẹ́ kó pẹ́. Ó ti gbé ilé, ó gbé itẹ́ òkú ní Ayétòrò, iṣẹ́ ìdènà omi tí NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, gbé síta ní 2004 kò sì dá a dúró. Nítorí náà, ọmọ Abereke tó bá kó àjọ lónìí, ìlú Igbókọ̀dá ló ń gbé e lọ: ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì, iyanrìn tí wọ́n rọ sí àbàtà, fandéṣọ̀n, yàrá kan lẹ́yìn èkejì.

Ká sọ pé yàrá mẹ́rin gba mílíọ̀nù mẹ́fà náírà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú 100,000 wá lọ́dún. 400,000 nìyẹn. Yọ àtúnṣe, yọ oṣù tí yàrá fi ṣófo, ó kù bíi 300,000: ogún ọdún kí owó tó padà. Ọkọ̀ ń yára dá owó padà ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń jẹrà, ilẹ̀ sì ń gbówó lórí. Èrè ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ náà ju inú owó ilé lọ.

Ìwé ló le. Láti ìgbà Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, rìsíìtì tí mọ̀lẹ́bí tó ta ilẹ̀ fúnni nìkan kò tó fún báǹkì. Owó ìkówójọ ilé tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1992 ń yá ènìyàn ní èlé tí kò pọ̀, apẹja náà lè dá 2.5% owó tó ń wọlé fún un síbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún un ní ìwé ilé orí omi? Ẹ gba ìwé ilẹ̀ Igbókọ̀dá kí ẹ tó da bíríkì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé lára àwọn tó ń wá yàrá níbẹ̀ ni ẹbí wa tí òkun lé. Bàbá wọn ìbá tẹ́ ẹní fún bàbá wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé, ẹ ka yàrá kan mọ́ ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí owó rẹ̀ yóò dín fún ọmọ ìyá yín.