Obìnrin Mẹ́ta Nínú Ìwé Mẹ́ta

Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, a kò sì ń kàwé láti fi wá àléébù ẹnikẹ́ni. Àwa a máa kàwé ní àṣálẹ́ nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹlòmíràn ti máa ń ta ayò. Ní àkókò òjò tí ó kọjá yìí a parí ìwé mẹ́ta, gbogbo wọn ní èdè Yorùbá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dùn mọ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí a pa ìkẹyìn wọn dé, a rí i pé obìnrin kan wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ní ti àwọn obìnrin wọ̀nyí ni a fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀.

Èkíní ni Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, tí John Bunyan, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní 1678, tí David Hinderer, míṣọ́nárì tí ó gbé ní Ìbàdàn, sì yí padà sí èdè wa. Ta ni kò mọ Christian, ọkùnrin tí ó gbé ẹrù wúwo sí ẹ̀yìn? Kò tíì jìnnà sí ẹnu-ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tí aya àti àwọn ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ké pè é pé kí ó padà. Ṣùgbọ́n ó fi ìka di etí, ó ń sáré lọ, ó sì ń kígbe pé ìyè ni òun ń wá. A mọ̀ pé òwe ni. A mọ̀ pé Bunyan kò sọ fún baálé ilé kankan pé kí ó sá fi ọmọ sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Christian ń bá Apollyon jà, tí a sì ń gbàdúrà kí ó borí, etí wa kan ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn tí ń ké ní ẹnu-ọ̀nà.

Èkejì ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí D. O. Fágúnwà, ẹni tí ó jẹ́ olùkọ́ bí ọ̀pọ̀ nínú yín, tẹ̀ jáde ní 1938. Ìwé yìí a máa pa ni lẹ́rìn-ín, a sì máa dẹ́rù bà ni ní ojú ewé kan náà. Bí a bá kà á sókè, àwọn ará ilé a fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá jókòó. Ọba rán Àkàrà-ògùn àti àwọn akọni ẹgbẹ́ rẹ̀ sí Òkè Láńgbòdó. Kákò, ọ̀kan nínú wọn, ń múra àtilọ nígbà tí obìnrin rẹ̀ dì mọ́ ọn pé kò gbọdọ̀ fi òun sílẹ̀. Kákò pa á. Àwọn akọni sì gba ọ̀nà wọn lọ.

Nígbà tí a ka ibẹ̀ sí àwọn ọmọ kan létí, ẹ̀rín tí wọ́n ti ń rín láti ìṣáájú dá. Ọmọbìnrin kan béèrè pé, “Kí ni obìnrin náà ṣẹ̀?” Àwọn ọmọkùnrin dáhùn pé ó fẹ́ dí iṣẹ́ ìlú lọ́wọ́ ni. Ọmọbìnrin náà kò bá wọn jiyàn. Ó tún béèrè bákan náà. Lójú tiwa, ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ìrágbèje fi ọjọ́ méje kọ́ àwọn akọni náà ní ọgbọ́n ní Òkè Láńgbòdó, ọgbọ́n náà sì dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò jí ẹni tí ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò náà dìde.

Nínú ìwé kẹta, obìnrin fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Èyí ni ìtàn ìgbésí ayé Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí ó kọ́kọ́ jáde bíi lẹ́tà nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929, tí a sì sọ di ìwé ní 1930. Arẹwà obìnrin Èkó ni, tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀, tí ó ń ròyìn àwọn ọkùnrin tí ó bá lò láyé rẹ̀, kí àwọn ọ̀dọ́ lè kọ́gbọ́n. Ó ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan aṣọ àti fàájì àtijọ́, ojú ẹkún náà a gbẹ, ìtàn a sì máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹlòmíràn lè wí pé nítorí èyí kò yẹ kí ọ̀dọ́ kà á. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bá kọ́ láti mọ ibi tí ẹkún ti jẹ́ òtítọ́ àti ibi tí ẹnu kàn ń dùn, kì yóò rọrùn láti tàn jẹ nígbà tí ó bá dàgbà. Ohun tí ó kù tí ó dùn wá ni pé lẹ́tà wọ̀nyí kò ti ọwọ́ obìnrin kankan wá. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ni ó kọ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé Sẹ̀gilọlá wà láàyè.

Ìwé mẹ́ta, òǹkọ̀wé mẹ́ta, gbogbo wọn ọkùnrin. Àwọn àgbà sì wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. A kò fi èyí bú àwọn òǹkọ̀wé náà, nítorí pé wọ́n ti ṣe wá lóore. Bunyan pàápàá padà sí ẹnu-ọ̀nà yẹn: ní 1684 ó tẹ apá kejì ìwé rẹ̀ jáde, nínú èyí tí Christiana, aya Christian, kó àwọn ọmọ rẹ̀, tí òun náà sì gba ọ̀nà kan náà lọ títí ó fi dé ibi tí ọkọ rẹ̀ dé. Ìdí nìyí tí a fi wí pé ohun tí ìwé kan gbàgbé, ìwé mìíràn lè padà lọ mú un wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ìwé wọ̀nyí pamọ́ fún àwọn ọmọ, ẹ má sì ṣe sáré kọjá ní irú ojú ewé bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tí ó ní ìbéèrè béèrè, kí ẹ sì fún kíláàsì ní iṣẹ́ láti kọ ohun tí obìnrin Kákò ì bá sọ bí Kákò bá ti gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ọwọ́ yín sì dá nínú ìwé kíkọ, ẹ kọ tiyín tí ó gùn ju ti kíláàsì lọ. Nígbà òjò mìíràn, bí Ọlọ́run bá dá wa sí, àwa yóò jókòó kà á.