Bó Ṣe Ki Kò Sọ Ohun Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ìyá tó ń po ẹ̀kọ fún ọmọ kì í wọn omi. Bó bá gbé ṣíbí sókè, tó rí bí ẹ̀kọ ṣe ń já bọ́, ó ti mọ̀ pé ó tó. Ẹni tó fẹ́ ra oyin máa ń dorí ìgò kodò kó lè wo bó ṣe ń ṣàn. Tó bá ti yára jù, á ní wọ́n ti bu omi là á. Láti kékeré ló ti mọ́ ojú lára pé ohun tó ki ni ojúlówó, èyí tó ń ṣàn ni ayédèrú.

Ojú yìí kan náà làwọn tó ń po omi fépù nílé fi ń ṣiṣẹ́. Fépù ni sìgá oníbátìrì táwọn ọ̀dọ́ ń fà báyìí, láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé Èkó. Kì í jó ewé tábà. Wáyà kékeré kan tó ń gbóná ló ń sọ omi inú rẹ̀ di ooru tó ń rú bí èéfín. Àwọn kan ń ra èròjà omi náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí owó tàbí torí adùn tó wù wọ́n, wọ́n á sì pò ó lórí tábìlì nílé.

Ohun méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni propylene glycol, tí wọ́n ń pè ní PG. Ó ń ṣàn, òun ló sì ń gbé adùn jáde. Ìkejì ni glycerine, èyí táwọn ìyá ń pò mọ́ ìpara nígbà ọyẹ́. Ó ki, ó dùn díẹ̀, òun ló sì ń mú kí ooru náà pọ̀. Fún ẹ̀rọ kékeré, ọ̀pọ̀ máa ń pò wọ́n ní ìdajì ìdajì. Fún ẹ̀rọ ńlá, wọ́n sábà máa ń fi glycerine 70 sí PG 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Tó bá ki jù, òwú inú ẹ̀rọ kò ní lè fà á mu dáadáa, wáyà á sì jó òwú náà. Tó bá ń ṣàn jù, á máa jò sí ẹni tó ń fà á lẹ́nu.

Kò sí ọ̀dọ́ tí kò lè kọ́ ìyẹn láàárín ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n bí omi náà á ṣe ṣàn nìkan ni kíki rẹ̀ lè sọ. Kò lè sọ ohun tó jẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2019 fi èyí hàn. Àwọn èèyàn, tí ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, ń dé ilé ìwòsàn láìlè mí dáadáa. Nígbà tó fi máa di February 2020, iye tí àrùn náà ti gbé dé ilé ìwòsàn tàbí tó ti pa jẹ́ 2,807, àwọn 68 ló sì kú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti fa òróró igbó tí wọ́n rà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí lójú pópó. Àwọn tó ń ta òróró yìí ń là á kí èrè wọn lè pọ̀. Àwọn oníbàárà wọn sì máa ń dojú rẹ̀ dé, wọ́n á wo bí ìhó inú rẹ̀ ṣe ń rọra gòkè, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ki. Làwọn oníjìbìtì bá wá ohun tó ki bíi tirẹ̀: vitamin E acetate, òróró tí kò ṣe nǹkan kan fún awọ ara, àmọ́ tí ibi rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí wọ́n yẹ omi ẹ̀dọ̀fóró aláìsàn 51 wò, wọ́n rí i nínú ti àwọn 48. Wọn ò rí i lára ìkankan nínú àwọn 99 tí ara wọn dá ṣáṣá. Ojú lásán là ń rí, ọ̀rẹ́ ò dénú.

PG náà ní ìtàn tirẹ̀ ní Nàìjíríà. Lọ́dún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín ba kíndìnrín àwọn ìkókó jẹ́, ó sì pa ọmọ tó lé ní 80. Ohun tí wọ́n lò bíi PG nínú rẹ̀ ti ní diethylene glycol nínú, májèlé tí wọ́n máa ń lò nínú omi bíréèkì ọkọ̀. Kò láwọ̀, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Lọ́dún 2022, ọmọ tó lé ní 60 tún kú ní Gáńbíà, wọ́n sì rí májèlé yìí àti ìbátan rẹ̀ nínú oògùn ikọ́. Ṣíbí oògùn làwọn ìyá wọ̀nyẹn fi wọ̀n ọ́n. Kò sí ojú ìyá tó lè rí ohun tó jẹ́ pé inú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti lè rí i.

Ewu mìíràn wà lórí tábìlì náà: nicotine tí wọn kò tíì là. Ó lè gba awọ ara wọlé, ìwọ̀nba díẹ̀ sì lè pa ọmọdé. Ní ìparí ọdún 2014, ọmọ kékeré kan kú ní ìpínlẹ̀ New York lẹ́yìn tó gbé irú omi bẹ́ẹ̀ mì. Lọ́dún 2016, Amẹ́ríkà ṣòfin pé ìdérí ìgò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọmọdé kò lè ṣí. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tó bá wà fún títà kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 20 nínú mílílítà kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá pò ó lè máa fi èyí tó le ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́.

Bí òbí bá rí ìgò wọ̀nyí nínú yàrá ọmọ rẹ̀, ọmọ náà lè dáhùn pé, “Bàbá mi, glycerine lásán ni, wọ́n ń fi í sínú oúnjẹ.” Òótọ́ lè wà níbẹ̀. Àmọ́ ikùn lè bì, ó sì lè yàgbẹ́. Ẹ̀dọ̀fóró kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí òbí fara balẹ̀ bi í pé: Ọwọ́ ta lo ti rà á? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ọwọ́ rẹ̀ ò lè tó o? Bó bá jẹ́ sìgá ni ọmọ náà fẹ́ fi í jáwọ́ nínú rẹ̀, kí wọ́n jọ lọ rí dókítà. Kí ìgò náà sì wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ títí wọ́n á fi dé.