Ọ̀nà tí Wọ́n Bí Abíọ́nà Sí: Lórí Kẹ̀kẹ́ láti Lomé dé Aného

Abíọ́nà ni orúkọ bàbá mi. Gbogbo àwa tí a ti jókòó sí kíláàsì orúkọ Yorùbá ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ni a mọ ìtumọ̀ rẹ̀: ọmọ tí a bí sójú ọ̀nà. Ohun tí n kò mọ̀ ni ojú ọ̀nà wo gan-an. Tí mo bá bi Màmá Àgbà, wọn a ní, "Lẹ́yìn Lomé ni, kí á tó dé Aného." Nítorí náà, nígbà tí mo lọ lo oṣù mẹ́ta ní Lomé, olú-ìlú Tógò, láti kọ́ èdè Faransé, mo yá kẹ̀kẹ́ ológeere kan ní ọjọ́ Sátidé, mo gba ọ̀nà etí òkun náà lọ. Nǹkan bíi kìlómítà 45 ni.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn oníṣòwò Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà. Àwo tánganran ni Màmá Àgbà àti Bàbá Àgbà ń tà ní Kumasi. Wọ́n ta èyí tí wọ́n rí tà ní ọ̀pọ̀, wọ́n kó ìyókù sínú lọ́rì, wọ́n gba ẹnubodè Aflao wọ Lomé. Oyún Màmá ti pé oṣù mẹ́sàn-án. Ohun tí wọ́n máa ń sọ kò yí padà: "Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa. Igi àgbọn ló kún àárín òkun àti títì. Abẹ́ àgbọn ni mo bí i sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ibi ọmọ sí."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ibi tí wọ́n sin ibi ọmọ sí jẹ́ fún Yorùbá.

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo gbéra. Atẹ́gùn òkun ń tì mí lẹ́yìn, nítorí láti apá ìwọ̀-oòrùn ló ti máa ń fẹ́. Ibi tó le jù ni ẹ̀gbẹ́ èbúté, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń sáré kọjá bíi pé èèyàn kò sí lójú títì. Lẹ́yìn Baguida, ariwo rọlẹ̀. Mo wá ń wo ọwọ́ ọ̀tún bí Màmá ṣe wí, ṣùgbọ́n títì tí mo wà lórí rẹ̀ kò sún mọ́ òkun tó èyí tí wọ́n máa ń sọ. Mo yà sí ọ̀nà oníyanrìn kan títí mo fi dé etí omi. Ògiri ilé tó ku ìdajì ni mo bá níbẹ̀, àti gbòǹgbò àgbọn tí ìgbì ti hú síta.

Bàbá apẹja kan ń tún àwọ̀n ṣe. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n ní èdè Faransé pé níbo ni títì àtijọ́ wà. Wọ́n na ọwọ́ síwájú, sínú òkun, níbi tí ọkọ̀ àwọn apẹja mìíràn wà. "Ibẹ̀ yẹn ni."

Kì í ṣe òkun nìkan ló jẹ̀bi. Yanrìn etíkun yìí máa ń rìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìdídò Akosombo sórí odò Volta ní Gánà ní àwọn ọdún 1960, púpọ̀ nínú yanrìn tí odò náà ń gbé wá kò lè kọjá mọ́. Láàárín ọdún náà ni wọ́n kọ́ èbúté Lomé, tí ògiri rẹ̀ ń dá èyí tó kù dúró. Etíkun tó wà ṣáájú èbúté ń fẹ̀ sí i, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń tán lọ. Èbúté ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni nígbà tí lọ́rì àwọn Màmá kọjá.

Mo sinmi ní Agbodrafo, níbi tí adágún Tógò wà lápá kan tí òkun wà lápá kejì. Mo kọjá Kpémé, níbi tí ọkọ̀ òkun ti ń kó fọ́sífeeti. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó wọ Aného, níbi tí wọ́n ti to òkúta ńláńlá sínú omi kí ìlú má bàa lọ. Tákísì ló gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ padà.

Lálẹ́, mo pe ilé. Bàbá mi dákẹ́ pẹ́ kí wọ́n tó sọ pé, "Ó dáa. O kúkú débẹ̀." Màmá Àgbà gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n bi mí bí wọ́n ṣe ń sọ "ẹ ṣé" níbẹ̀. Mo ní, "Akpé." Wọ́n pariwo: "Òun ni! Òun ni mò ń sọ fún àwọn obìnrin tó gbé omi gbígbóná wá, tí wọ́n wẹ ọmọ fún mi." N kò gbọ́ nípa àwọn obìnrin wọ̀nyẹn rí.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gba ohùn Màmá Àgbà sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tí ẹ ti jáde, tí Abíọ́nà kan bá wà nílé yín, tàbí àgbà kan tó ti Gánà bọ̀ lọ́dún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ sì tan ẹ̀rọ ìgbohùn yín.