Ẹ̀sùn Tí A Fi Kan Ọpọlọ Ọkọ̀

Láyé ọjọ́un, etí àti imú ni mẹkáníìkì fi í mọ àrùn ọkọ̀. Bí epo bá pọ̀ jù nínú kabúrétọ̀, òórùn rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ní ọdún 1979 ni ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì gbé ẹ̀rọ Motronic sínú ọkọ̀ BMW 732i, tí àpótí kan ṣoṣo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún epo àti iná púlọ́ọ̀gì pọ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní ọpọlọ. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n ó ti kó bá a: kò sí wèrè tí ọkọ̀ ń ṣe tí a kì í dì rù ú.

Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tèmi. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, a máa kú lójijì lójú títì. Rìwáyà kan so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹnu oníhò 16 tí ó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí òfin Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ wọn láti ti ọdún 1996. Àmì P0335 jáde. “Tíṣà, ọpọlọ yín ti jóná,” ni ó wí. Iye tí ó dá lé e ju owó oṣù mi méjì lọ, ìgbà náà gan-an ni mo sì ń tọ́jú owó ìdánwò àṣekágbá ọmọ mi jọ.

Kí ni P0335 wí ná? Ó ní ìròyìn tí ó yẹ kí ó máa ti ọ̀dọ̀ sẹ́ńsọ̀ tí ń ka yíyí kiráńkì wá kò dé bí ó ti yẹ. Wáyà tí ó já lè fà á. Ẹnu wáyà tí ó dípẹtà lè fà á. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ sì lè ti kú. Ẹni tí ó ké gbàjarè ni àmì ń dárúkọ, kì í dárúkọ olè. Àwa tí ń kọ́ni ní àkàyé kúkú mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí àyọkà sọ àti ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó sọ.

Mo tọ àgbàlagbà rìwáyà kan lọ. “Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ó jẹun,” ni bàbá wí. Ó wọn bátìrì: fóòtì 12.6, kò sí àléébù. Ó ní kí n sítáàtì ọkọ̀, kí n sì tan gbogbo iná rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ mítà kan kan orí bátìrì tí wáyà ilẹ̀ ti wá, ó fi èkejì kan ibi tí wáyà ilẹ̀ ti wọ inú ọpọlọ. Níbi tí kò ti yẹ kí ó ju 0.1 tàbí 0.2 lọ, ó ju 1 lọ! Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ yìí ni ọpọlọ fi ń wọn ohun gbogbo tí sẹ́ńsọ̀ bá sọ. Bí ilẹ̀ bá gbéra, òṣùwọ̀n ti di ayédèrú.

Abẹ́ àwo bátìrì ni ó ti rí bóòtù náà, ìpẹtà ti bò ó. Ó fi yanrìn pépà ha á, ó dè é pinpin, ó fi gírísì pa á lára. Kí ó tó gba owó, tí kò tó ìdá kan nínú ogún èyí tí ẹni àkọ́kọ́ dá, ó ń mi ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún, ó tẹ́tí sílẹ̀ bóyá yóò ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́.