Póò Inú Bọ́ọ̀sì: Bí A Ṣe Ń Lọ Ọdún Ọ̀ṣun Láì Da Ẹ̀gbin Sódò

  Oṣù kẹjọ ń bọ̀, àwọn ẹbí sì ti ń dá owó mọ́tò jọ láti lọ sọ́dún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ẹbọ, kì í sì í ṣe ti aṣọ funfun. Ọ̀rọ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tó bá ti sun inú mọ́tò fún òru mẹ́ta pẹ̀lú èèyàn mẹ́rìnlá mọ̀ pé kò sóhun tó ń tètè ba ìrìn-àjò jẹ́ tó o.

Ó ti pẹ́ tí agbo wa ti ń ti Abẹ́òkúta lọ. Bọ́ọ̀sì elérò 18 la máa ń háyà, a ó tú ìjókòó ẹ̀yìn kúrò kí àwọn àgbà lè ríbi na ẹsẹ̀. Owó ló ń jẹ́ ká sùn nínú mọ́tò. Nígbà ọdún, òtẹ́ẹ̀lì á kún, èyí tí kò kún á gbówó lórí. Àgbàlá awo kan tó jẹ́ ojúlùmọ̀ wa la máa ń gúnlẹ̀ sí. A ó ta tapólì mọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, àwọn àgbà á sùn nínú, àwa yòókù á tẹ́ ẹní sábẹ́ tapólì. Ilé náà ní tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, àwọn onílé fúnra wọn sì lé ní mẹ́wàá. Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín gba ọ̀nà náà. Láti Abẹ́òkúta a ó dé Ìbàdàn, a ó bọ́ sí ọ̀nà Ifẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí a ó fi gun afárá Àṣejíré. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń rò pé Òṣogbo nìkan la ti ń pàdé Ọ̀ṣun. Rárá o. Omi tó wà lábẹ́ afárá yẹn, Ọ̀ṣun ni. Ó ti kọjá lára Òṣogbo kó tó dé ibẹ̀. Wọ́n sé e ní Àṣejíré, wọ́n fi ṣe dáàmù, omi ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ ilé ń mu ní Ìbàdàn sì ń ti ibẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ó tún ń ṣàn lọ títí yóò fi wọ ọ̀sà. Nítorí náà, ohun yòówù tí ẹnì kan bá ṣe sétí odò ní Òṣogbo, ìsàlẹ̀ ló ń bá omi lọ, àwọn èèyàn sì ń bẹ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń fi ife bu ún.

Ní Ìkirè a máa ń dúró ra dòdò Ìkirè. Ibẹ̀ tàbí Gbọ̀ngán la ti máa ń wá ilé epo tó ní tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ní ká sanwó, a ó san. Òfin wa àkọ́kọ́ nìyẹn: níbi tí tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì bá wà, ẹ lò ó, ẹ má fi dúró de póò. Lẹ́yìn náà a ó gba Òde-Òmu àti Ẹdẹ kọjá, ó di Òṣogbo.

Igbó Ọ̀ṣun fẹ̀ tó hẹ́kítà 75. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè láti ọdún 1965, UNESCO sì kà á mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo ló tún àwọn ojúbọ inú rẹ̀ ṣe nígbà tí wọ́n fẹ́ wó pa run. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú odò náà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gégi. Ibi tí a kò ti gbọdọ̀ pa ẹja, ṣé ibẹ̀ ló yẹ ká ti tú ṣòkòtò?

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà bíi tèmi á rántí agbépóò. Lóru ni wọ́n ń wá, pẹ̀lú póò lórí àti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, àwa ọmọdé á sì sá wọlé. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń jẹ́ kí ìlú ṣeé gbé. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lórí ìrìn-àjò tiwa, a ti fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó ṣu náà kò ní gbàgbé.

Oríṣi ohun mẹ́ta la yẹ̀ wò kí a tó mú ọ̀kan.

Èkíní ni ọ̀rá náílọ́ọ̀nù lásán, tí wọ́n máa ń so lọ́rùn tí wọ́n á jù sínú igbó. Ìyẹn kò yẹ ọmọlúàbí. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà, òjò kan ṣoṣo ló sì tó láti gbé e wọ odò.

Èkejì ni èyí tí ọmọ wa kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gbé wá. Àwọn tó ń fi mọ́tò ṣe ilé lọ́hùn-ún ń lò ó. Ó dà bí àpótí alápá méjì: apá òkè gba omi tí a fi ń ṣàn án, apá ìsàlẹ̀ gba ẹ̀gbin, oògùn aláwọ̀ búlúù sì wà níbẹ̀ tó ń pa òórùn. Ó mọ́, ó sì rọrùn láti jókòó lé. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí láti sùn ní ojúbọ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún dída ẹ̀gbin rẹ̀ nù. Níbi tí à ń gúnlẹ̀ sí, kò sí irú rẹ̀. Òmíràn nínú oògùn yẹn ní fọmalíìnì nínú, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú. Bí a bá dà á sí kòtò ìdọ̀tí, ó ń pa àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tó ń jẹ́ kí ìgbẹ́ jẹrà. Bí a bá dà á sí gọ́tà, odò ló ń lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ wa, a sì gbé àpótí náà sílé.

Ẹ̀kẹta la mú: bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà onílítà 20 tó ní ìdérí tó le, àti eérú. Káfíńtà bá wa gbẹ́ àga onígi kan tó nihò láàárín, a ń gbé e lé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, torí orúnkún àwọn àgbà kò fẹ́ ìlóṣòó mọ́. Ẹni tó bá ṣetán á bu eérú tàbí ìyẹ̀fun pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú, á fi bo nǹkan rẹ̀ títí kò fi ní hàn mọ́, á sì dé e. Ìtọ̀ ní kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀, tó ní àrọ lẹ́nu. Bí ìtọ̀ kò bá dà pọ̀ mọ́ ìgbẹ́, tí eérú sì jẹ́ kó gbẹ, òórùn kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde, eṣinṣin kì í sì í rọ́ wá.

Ẹ ṣírò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Èèyàn kan lè tọ̀ tó lítà kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Èèyàn 14 fún ọjọ́ mẹ́ta, lítà 63 nìyẹn, ó ju kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì lọ. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sì ń tó wa fún ọjọ́ kan pẹ̀lú eérú inú rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la máa ń gbé, pẹ̀lú àpò eérú méjì.

Dída rẹ̀ nù ni iṣẹ́ tó kù. Ìtọ̀, a ó fi omi là á dáadáa, a ó dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìnkùlé onílé, pẹ̀lú àṣẹ rẹ̀. Ohun inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, bí onílé bá ní ṣáláńgá, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí kò bá ní, a ó tọrọ ilẹ̀ lóko rẹ̀, a ó gbẹ́ ihò tó dé orúnkún, a ó dà á sí i, a ó fi erùpẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ihò náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kó sì jìnnà sí odò tó mítà 60. Ẹ má gbin ẹ̀fọ́ sórí rẹ̀. Ẹ má sì da eérú tàbí ìyẹ̀fun pákó sínú tọ́ọ̀lẹ́ẹ̀tì olómi tẹni tó gbà yín sílé, yóò dí i, ẹ ó sì fi ìbínú san oore. Pampers àtohun tí àwọn obìnrin ń lò nígbà nǹkan oṣù ní àpò tiwọn. A ń gbé e padà wálé ni.

Ẹni tó bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, á fi ọṣẹ àti Izal fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, á da omi tó fi fọ̀ ọ́ sínú ihò kan náà, á sì fi ọṣẹ wẹwọ́ kó tó fọwọ́ kan oúnjẹ tàbí igbá òrìṣà. Nínú mọ́tò, ọ̀pẹ̀lẹ̀ àti igbá wà níwájú, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lẹ́yìn pátápátá, a fi okùn dè é. Àwọn ọkùnrin ló ń gbé e, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èmi. Ọjọ́ kejì ni tèmi.

Àríyànjiyàn wà o. Dírẹ́bà wa fárí gá lọ́dún tí a bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Awo, ẹ má bínú, mi ò ní fi mọ́tò mi gbé ìgbẹ́ o.” Mo ní, “Ọmọ mi, o ti ń gbé e láti Abẹ́òkúta, inú àwọn èrò ló kàn wà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó fà á, ó sì gbà. Àwọn ọ̀dọ́ náà béèrè pé, “Bàbá, ṣé kò sígbó ni?” Mo ní kí wọ́n fojú ka iye mọ́tò tó wà ní Òṣogbo lọ́jọ́ tí Arugbá bá jáde. Bí gbogbo wọn bá ní igbó wà, kí ni yóò kù nínú igbó?

Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí lé orí ju ti òórùn lọ. Ìyá kan wà nínú agbo wa tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lọ́dún kan ṣáájú àga onígi, ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní mu omi ní gbogbo ìrìn-àjò, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n láàárín èrò. Kò sọ fẹ́nì kankan. Lọ́jọ́ Arugbá, bí oòrùn ṣe mú, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Èèyàn mẹ́rin ló gbé e kúrò láàárín èrò. Nígbà tó mu omi tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ohun tó sọ ni pé, “Ojú ló ń tì mí.” Ẹ̀yin ẹbí, abiyamọ wá sọ́dọ̀ Ọ̀ṣun, ó sì fi òùngbẹ ṣubú lẹ́bàá omi, nítorí pé kò ríbi tọ̀. Láti ọdún yẹn, a máa ń ta aṣọ ìkélé yí àga ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà mọ́tò, a ń gbé fìtílà síbẹ̀ lóru, ìyá náà ló sì ń kọ́kọ́ lò ó. Ó ń mumi báyìí.

Ẹ tún wo odò fúnra rẹ̀. Lókè, àwọn awakùsà ń wa góòlù, omi ti pọ́n bí ẹrẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ti kìlọ̀ fún aráàlú pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ ọwọ́ mu. À ń bínú sí àwọn tó ń wa kùsà, ó sì tọ́ ká bínú. Ṣùgbọ́n ẹnu wo la ó fi bá wọn wí, bí ìgbẹ́ tiwa bá wà létí omi kan náà? Ẹ̀gbin góòlù, a kò lágbára láti fi ọwọ́ wa nìkan dá a dúró. Èyí tó ń jáde lára wa, ọwọ́ wa ló wà.

Nítorí náà, kí olórí agbo kọ̀ọ̀kan bi ara rẹ̀ kó tó san owó mọ́tò: bọ́kẹ́ẹ̀tì mélòó, eérú mélòó, ta ni yóò gbé e, ilẹ̀ ta la ó sin ín sí? Kí ẹ sì sọ fún àwọn ìyá wa ṣáájú pé ibi tí wọ́n á yà sí wà, kí wọ́n mumi dáadáa.

Ọ̀ṣun á gba ọrẹ wa. Omi tútù ni a ó máa bá pàdé, a kò ní fi ọwọ́ ara wa ba omi tí a ó mu jẹ́. Oore yèyé ò! Àṣẹ.